A kì í fárí lẹ́yìn olórí: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ yí déètì wa padà lóru

Sí ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ni sọ́fítíwià tí a fi ń dá ọjọ́ fún èèyàn níbi iṣẹ́ wa, àti sí gbogbo ẹ̀yin ẹnjiníà tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá wà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ yín níbí, ẹ mọ ara yín, nọ́ńbà ẹjọ́ tí mo fi sùn yín ṣì wà lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dójú tì yín, ohun tí mo fẹ́ ni kí irú ẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta kí àwọn tó kù lè bá mi kà á.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, fún àwọn tí ò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ò le. Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé àwọn tó ń bọ̀ wá rí wa. Gbogbo Fúráídè, tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá wọ inú sọ́fítíwià yín, màá tẹ bọ́tìnnì Export, ó máa fún mi ní fáìlì kan tó ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù, déètì àti aago. Màá gbé fáìlì yẹn fún prógíráàmù kékeré kan tí àbúrò kan ní ọ́fíìsì wa kọ, òun ló máa wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan pé ẹ má gbàgbé o, ọjọ́ báyìí lẹ ń bọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò já wa kulẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ tó dà rú yẹn, Mọ́ńdè ẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù keje, Fúráídè ẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 10. Nínú fáìlì yín tẹ́lẹ̀, ọjọ́ ló máa ń ṣáájú oṣù, ìyẹn ni pé ohun tó yẹ kí n rí ni 06/07, 07/07, 08/07, 09/07, 10/07. Ohun tó wà nínú èyí tí mo dáńlóòdù ni 07/06, 07/07, 07/08, 07/09, 07/10. Ẹ ti gbé oṣù síwájú ọjọ́. Òru Tọ́sìdè lẹ ṣe é, ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Prógíráàmù wa ò mọ̀ pé nǹkan kan yí. Ó rí 07/08, ó kà á sí ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ oṣù. Àwọn tó yẹ kí wọ́n wá ní Wẹ́sìdè, a ní kí wọ́n wá lóṣù kẹjọ. Àwọn ti Tọ́sìdè, oṣù kẹsàn-án. Àwọn ti Fúráídè, oṣù kẹwàá. Àwọn ti Mọ́ńdè ni tiwọn tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín, ọjọ́ 7 oṣù kẹfà la dá fún wọn, ọjọ́ tó ti kọjá lọ tipẹ́. Àwọn ti Túsìdè nìkan ló yọ, torí 07/07, bí ẹ kà á síwájú, bí ẹ kà á sẹ́yìn, ibì kan náà ló já sí.

Ká ní ọ̀sẹ̀ yẹn bọ́ sí ìdajì oṣù ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Prógíráàmù á rí 07/13, á wá oṣù kẹtàlá títí, kò ní rí i, á pariwo, á dúró. Àmọ́ kò sí ọjọ́ kankan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn tó ju 12 lọ, gbogbo ẹ̀ ló wọlé wẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀rọ kankan tó figbe ta.

Mọ́ńdè, fóònù ò dákẹ́, ẹ̀rín la fi gbà á, a ní bóyá prógíráàmù àbúrò ló ń ṣe ségesège, a bẹ àwọn èèyàn, wọ́n wá. Túsìdè, gbogbo èèyàn pé, kò sẹ́ni tó ṣàròyé, ọkàn wa wá balẹ̀ pátápátá. Wẹ́sìdè ni àga òfìfo kí wa káàárọ̀.

Èèyàn 26 ni kò wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Bàbá kan wà nínú wọn tó yẹ kó wá ní Fúráídè, ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń retí ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo pè é, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin náà lẹ ní ó di oṣù kẹwàá, mo ti gbà fún Ọlọ́run." Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó rò pé a jókòó, pé a gbé ọ̀rọ̀ òun yẹ̀ wò, pé a wá pinnu pé tòun ò kánjú. Ẹ bá mi wò ó, bọ́tìnnì ni mo tẹ̀ o.

Àbúrò tó kọ prógíráàmù yẹn ńkọ́? Ọjọ́ kan àbọ̀ ló fi ń wá àṣìṣe nínú kóòdù tí kò ṣẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa ti ń wò ó lójú kan ṣùkù.

2. Èsì yín. Ọjọ́ kẹrin lẹ tó dáhùn. Ẹ ní, "Déètì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́, ìyípadà náà wà nínú release notes." Mo lọ wá release notes yẹn kàn, ìyẹn ibi tí ẹ máa ń kọ ohun tí ẹ yí nínú ẹ̀dà tuntun sí. Ó gbà mí tó ìṣẹ́jú ogún, ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀ ló wà, lábẹ́ ojú ìwé kan tí mi ò tẹ̀ rí látọjọ́ tí mo ti ń lò yín. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ni "àtúnṣe sí bí déètì ṣe ń hàn, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe kéékèèké míì." Àárọ̀ Fúráídè lẹ gbé e síbẹ̀. Òru Tọ́sìdè lẹ ti ṣe iṣẹ́ ọ̀hún tán.

Ẹni tó kọ́kọ́ la igi mọ́ èèyàn lórí kó tó wá sọ pé "yẹra o", ṣé ìkìlọ̀ nìyẹn?

Ó tún kù díẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ fún ẹ̀dà tuntun yẹn, ẹ gbé e kúrò ní 4.2.6 sí 4.2.7. Mi ò kì í ṣe ẹnjiníà, àbúrò ọ́fíìsì wa ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní àdéhùn kan wà láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù, Semantic Versioning ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà mẹ́ta ni, tí ẹ bá yí nǹkan tó lè ba iṣẹ́ ẹlòmíì jẹ́, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ yí, ti ìkẹyìn yẹn, àṣìṣe tí ẹ tún ṣe nìkan ló wà fún. Ìtumọ̀ 4.2.7 yín ni pé "ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan kan." Nọ́ńbà yín gan-an parọ́ fún wa.

3. Ẹ má sọ pé tèmi nìkan ló le. Ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn tó pọ̀ jù wá lọ fíìfíì.

Fúráídè ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì, fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà Windows tó wà lábẹ́ ìṣọ́ wọn, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ o, lẹ́ẹ̀kan náà ni. Fáìlì yẹn ní àṣìṣe. Microsoft fojú bù ú pé kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 8.5 ló dákú. Bàálù ò gbéra, àwọn ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ síwájú. Ìṣẹ́jú 78 péré ni wọ́n fi dá fáìlì yẹn padà, àmọ́ èyí tó ti kú ti kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé èèyàn ní láti rìn lọ bá a níbi tó wà kó fọwọ́ tún un ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ rèé: àwọn oníbàárà kan ti ṣètò pé kí ẹ̀dà tuntun má tètè débi tiwọn, kó kọ́kọ́ kọjá lára àwọn míì ná. Wọ́n gbọ́n, àbí? Ètò yẹn ò gbà wọ́n, torí prógíráàmù fúnra ẹ̀ nìkan ló ń dá dúró, kì í dá irú fáìlì yẹn dúró, gbọọrọ ló ń wọlé. Ẹ̀yìn tí omi ti dànù ni wọ́n tó jẹ́ kí oníbàárà máa yan ìgbà tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ máa dé.

Ọdún yẹn kan náà, lóṣù karùn-ún, Sonos tó ń ṣe sípíkà inú ilé gbé áàpù tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Nígbà tí tuntun dé, àwọn nǹkan tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ ò sí nínú ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò álááàmù tó ń jí wọn láàárọ̀ ò sí, èyí tó ń pa orin fúnra ẹ̀ tí èèyàn bá ti sùn ò sí. Oṣù keje, ọ̀gá àgbà wọn bẹ̀bẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí wọ́n kúkú dá ti àtijọ́ padà, wọ́n ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò ṣeé ṣe mọ́, wọ́n ti yí nǹkan tó pọ̀ jù nídìí ẹ̀, tí wọ́n bá dá a padà ó máa tún burú sí i. Oṣù kìíní ọdún 2025, ọ̀gá yẹn kúrò nípò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ "kò ṣeé dá padà" yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ti Twitter ńkọ́? Ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé tó bá di ọjọ́ 9 oṣù kan náà, kò ní sí ọ̀fẹ́ mọ́ lórí API wọn, ìyẹn ilẹ̀kùn tí prógíráàmù àwọn ẹlòmíì ń gbà bá tiwọn sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ti fi ọdún kọ nǹkan sórí ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fún un láti kó ẹrù. Ariwo pọ̀, wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Lóṣù tó ṣáájú ìyẹn, wọn ò tiẹ̀ fún àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ kan ọ̀hún, àwọn áàpù tí àwọn míì ṣe láti fi ka Twitter kàn kú lójú ẹsẹ̀ ni, ọjọ́ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó sọ ìdí.

Kódà ìjọba náà ń ṣe é. Lóṣù kẹta ọdún 2023, ìjọba Lẹ́bánónì kéde nígbà tó ku ọjọ́ mélòó kan pé àwọn ò ní sún aago síwájú lọ́jọ́ tí wọ́n máa ń sún un. Fóònù àwọn èèyàn ò gbọ́, òfin àtijọ́ ló wà lórí wọn, wọ́n sún aago fúnra wọn. Ó di pé orílẹ̀-èdè kan ní aago méjì fún ọjọ́ mélòó kan, kí ìjọba tó yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà. Mo fi ìyẹn sí i torí kí ẹ lè mọ̀ pé bí ẹ ṣe nílò kí wọ́n tètè sọ fún yín, bẹ́ẹ̀ náà làwa ṣe nílò kí ẹ tètè sọ fún wa.

4. Ẹ ò lè sọ pé kò ṣeé ṣe, torí àwọn kan ti ṣe é.

Adobe fẹ́ pa Flash, prógíráàmù wọn tó ń gbé fídíò àti géèmù jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù keje ọdún 2017 ni wọ́n ti sọ ọ́, ìparí ọdún 2020 ni wọ́n sì dá fún un. Ó lé lọ́dún mẹ́ta. Àwọn tó ń ṣe Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, fẹ́ pa ẹ̀dà àtijọ́ ẹ̀, Python 2, ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, nígbà tó di 2014 wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ò tíì kó kúrò níbẹ̀ tán, wọ́n sún un sí ọdún 2020, wọ́n sì dúró lórí ẹ̀. Ti Google Reader, ibi tí èèyàn ti ń ka ìròyìn látorí oríṣiríṣi ìkànnì pa pọ̀, tó kú lọ́dún 2013, inú bí àwọn èèyàn gidi gan-an, àwọn kan ò tíì dárí jì wọ́n títí dòní, àmọ́ ọjọ́ 13 oṣù kẹta ni wọ́n kéde, ọjọ́ 1 oṣù keje ni wọ́n tì í, èèyàn sì lè kó gbogbo ohun tó tò síbẹ̀ lọ síbòmíì. Ẹ lè bínú sí wọn, àmọ́ ẹ ò lè sọ pé ẹ ò gbọ́. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ò ní kí ẹ má gbé ogun wá, ẹ ṣáà jẹ́ ká gbọ́.

Tó bá jẹ́ ọ̀nà tí ẹ máa gbé e gbà lẹ ń wá, ó wà nílẹ̀. Ọdún 2019 ni IETF, àwọn tó ń kọ ìlànà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ṣiṣẹ́, ti gbé RFC 8594 jáde. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò le rárá, sáfà yín lè fi ìlà kan tó ń jẹ́ Sunset kún èsì tó ń fún prógíráàmù wa, ìlà yẹn á sọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yẹn máa tì. Ìlà kan. Prógíráàmù á kà á fúnra ẹ̀, á sì ta èèyàn lólobó kó tó di ọjọ́ náà.

Tiẹ̀ wo déètì fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ rí i pé ọ̀nà àtijọ́ ń da àwọn èèyàn rú, mo gbà, ó ń da èèyàn rú lóòótọ́. Ọdún 1988 ni ISO 8601, ìlànà àgbáyé lórí bí a ṣe ń kọ déètì, ti jáde: ọdún kọ́kọ́ ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ gbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó máa kà á sódì. Ẹ ò tiẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Inú ìdàrúdàpọ̀ kan lẹ ti kó wa bọ́ sínú òmíì.

5. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ báyìí, ẹ máa ní ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹ máa ní tí àwọn bá kọ́kọ́ kéde pé ihò wà níbì kan, olè á gba ibẹ̀ wọlé kí àwọn tó dí i. Òótọ́ ni, mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Ihò tí olè lè gbà, ẹ dí i lóru, ẹ dí i láìsọ, ẹ sọ fún wa tó bá di àárọ̀. Àmọ́ kódà níbẹ̀, láti ọdún 2003 ni Microsoft ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ jáde ní Túsìdè kejì nínú oṣù. Èèyàn lè má mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ o, ó ṣáà mọ ọjọ́ tó ń bọ̀, á múra sílẹ̀. Ti déètì tiwa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè. Ẹ má fi ìyẹn bojú.

6. Ìkìlọ̀ kò sì túmọ̀ sí kí ẹ ṣáà ti sọ nǹkan kan. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ àti ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún wà níbẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún 2021, WhatsApp sọ fún àwọn èèyàn pé òfin àwọn ti yí, ẹ fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ 8 oṣù kejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní lè lò ó mọ́. Ìkìlọ̀ wà, ọjọ́ wà, àlàyé ni kò yé èèyàn, gbogbo èèyàn rò pé wọ́n fẹ́ máa ka ọ̀rọ̀ àwọn, wọ́n tú yáyá lọ sórí Signal àti Telegram. WhatsApp wá ń ṣàlàyé lẹ́yìn pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò ló kàn, wọ́n sún ọjọ́ náà sí ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún.

Ti Apple yàtọ̀. Lóṣù kejìlá ọdún 2017 wọ́n gbà pé update àwọn ń dín eré iPhone tí bátìrì ẹ̀ ti gbó kù, kó má baà máa kú lójijì. Kí n sọ tòótọ́, ìdí yẹn mọ́gbọ́n wá. Ká ní wọ́n sọ ọ́ gbangba nígbà tí wọ́n ṣe é ni, èèyàn ì bá dúpẹ́, ì bá lọ pààrọ̀ bátìrì. Wọn ò sọ ọ́ kó yé èèyàn, ó wá dà bí ẹ̀tàn, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n já owó bátìrì wálẹ̀ láti dọ́là 79 sí dọ́là 29.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ti bọ́tìnnì X tí a fi ń ti wíńdò lórí kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2016, nígbà tí Microsoft ń fa àwọn èèyàn lọ sí Windows 10, wíńdò kékeré kan máa ń jáde, ẹni tí ò fẹ́ á tẹ X tó wà lókè, bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ látọjọ́ tó ti ń lo kọ̀ǹpútà, X pé "mi ò ṣe". Wọ́n ti yí i, X ò fagi lé nǹkan kan mọ́, ọjọ́ tí wọ́n ti dá ṣì wà, tó bá pé ó máa wọlé. Wọ́n yí i padà lẹ́yìn tí ariwo pọ̀. Ọwọ́ èèyàn ní ìrántí tiẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọwọ́ yẹn, ẹ ò lè jí lọ́jọ́ kan kí ẹ yí ìtumọ̀ ohun tí ẹ kọ́ ọ padà.

Ti ẹni tí ẹ ń sọ fún: ọ̀gá wa tó ń sanwó fún yín ni ẹ máa ń kọ ímeèlì sí. Ọ̀gá wa ò wọ inú sọ́fítíwià yín rí láyé ẹ̀. Èmi tí mo wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, orúkọ mi wà lọ́dọ̀ yín, páásíwọọ̀dù mi wà lọ́dọ̀ yín, ẹ mọ̀ pé gbogbo Fúráídè ni mò ń tẹ Export, kò sí ìlà kan ṣoṣo tí ẹ kọ sí mi rí, àfi ìpolówó.

7. Ohun tí mo ń bèèrè.

Àkọ́kọ́, ohunkóhun tó bá máa yí ohun tó ń jáde látinú sọ́fítíwià yín, ìbáà jẹ́ déètì, ìbáà jẹ́ orúkọ òpó inú fáìlì, ìbáà jẹ́ ibi tí bọ́tìnnì wà, ẹ fún wa ní ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán. Tí ẹ bá fẹ́ yọ nǹkan kúrò pátápátá, ẹ jẹ́ kó tó oṣù mẹ́fà. Kì í ṣe pé mo kàn fọ̀n ọ́n lẹ́nu o. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin 2019/770 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022 ti sọ ọ́ pé tí ìyípadà bá máa pa ẹni tó ń lo nǹkan lára, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún un ṣáájú, lórí ohun tó ṣeé tọ́jú, tí ìpalára náà kò bá sì kéré, ẹni náà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti jáwọ́ láìsan owó kankan. Àwọn tó rà á fún ìlò ara wọn ni òfin yẹn ń dáàbò bò, kì í ṣe ọ́fíìsì bíi tiwa, mo mọ̀. Àmọ́ ṣé ó dìgbà tí òfin bá mú yín?

Èkejì, ẹ gbé ìkìlọ̀ yẹn síbi tí iṣẹ́ wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì Export gan-an. "Láti ọjọ́ báyìí, oṣù ló máa ṣáájú ọjọ́ nínú fáìlì yìí, bó ṣe máa rí rèé, ẹ tẹ ibí kí ẹ fi dán prógíráàmù yín wò." Gbólóhùn kan péré. Kí ẹ sì dáwọ́ "àtúnṣe kéékèèké" yẹn dúró, ẹni tó ń kọ ọ́ mọ̀ pé òun ò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ àti ti tuntun jọ wà fún sáà kan, kí oníkálukú sún lọ nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀. Ọ̀rọ̀ Sonos tí mo ní ẹ fi sọ́kàn nìyẹn, tí ẹ bá ti wó afárá tán kí ẹ tó mọ̀ pé èèyàn ṣì wà lódìkejì, ẹ̀bẹ̀ ò lè kọ́ ọ padà.

Ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ parí, kí gbogbo yín máa lọ sílé kó ku àwa àti yánpọnyánrin. Kó kọ́kọ́ kan èèyàn díẹ̀, kí ẹ wò ó, kó tó kan gbogbo wa.

Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ tèmi nìkan. Mo fẹ́ kí ẹ kọ ìwé kan, tí ilé-iṣẹ́ yín fọwọ́ sí, pé ọ̀dọ̀ yín ni àṣìṣe ọ̀sẹ̀ yẹn ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àbúrò wa. Màá fi ẹ̀dà kan fún ọ̀gá wa. Màá mú ọ̀kan lọ fún bàbá yẹn nílé. Ó ti wá rí wa ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a fi sáàárín àwọn tó ń bọ̀, àmọ́ ó ṣì bi mí lẹ́nu ọ̀nà bóyá kì í ṣe pé òun ṣẹ ẹnì kan.

Èsì tí mo fẹ́, kó jẹ́ èyí tí èèyàn kọ, kó dé kó tó di Fúráídè tó ń bọ̀. Ẹ mọ aago tí mo máa ń wọlé. Àbúrò wa ti fi ìlà mẹ́ta kún kóòdù ẹ̀, tó bá rí déètì tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tàbí èyí tó ti kọjá, kó dúró kó bi mí ná. Èmi náà ò tíì gbẹ́kẹ̀ lé e, mo ṣì ń ka fáìlì yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mò ń fi ìka tọ̀ ọ́ lójú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n tó jẹ́ kí ẹyọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan jáde.

Èmi ni,
ẹni tó ń tẹ Export yín ní gbogbo Fúráídè